Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Yunifásítì àti Àsìkò Tí Ó Ń Dé: Ìrírí Mi

Ní agbègbè wa, láti Ọ̀fà títí dé Ọmù-Àrán, bí ọmọ bá ti rí ààyè wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ohun tí àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé Ọlọ́run ti bá àwọn ṣe é, nítorí pé ìjọba ni yóò gbé ẹrù náà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò pé. Mo ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ yìí fún ara mi nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin, mo sì ti ń san án fún àwọn àbúrò mi láti ìgbà tí mo ti ríṣẹ́, débi pé èmi ni ẹbí wa máa ń pè bí orúkọ ọmọ kan bá ti jáde láàárín àwọn tí wọ́n gbà wọlé. Ohun tí ó yé mi láti inú gbogbo rẹ̀ ni pé ìpín tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san kọ́ ni ó sábà máa ń pọ̀ jù nínú ìnáwó ọdún, ṣùgbọ́n òun ni ó máa ń já luni lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú gbèdéke, ní àkókò tí ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ gbogbo ilé gbẹ. Mo ti rí ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ní owó náà ní oṣù kẹta, tí ó sì pàdánù ìforúkọsílẹ̀ ní oṣù kejìlá nítorí pé owó náà ti bá ọ̀nà mìíràn lọ.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ìjọba ń san kí a tó mọ èyí tí ó kù fún wa. Ní ọdún 1977 ni ìjọba ológun tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ń darí fagi lé owó ìkẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn owó tí a ń san fún ẹ̀kọ́ gan-an, ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ọdún yẹn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975 lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, di yunifásítì tí ó dá dúró fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kàwé gba oyè àkọ́kọ́ ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í san owó ìkẹ́kọ̀ọ́. Owó-oṣù àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ń wá láti àpò ìjọba, àwọn ilé ńláńlá tí ẹ sì ń rí nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n kọ TETFund, orúkọ àjọ ìjọba tí ń náwó sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, sí lára, láti inú owó orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san lórí èrè wọn ni wọ́n ti kọ́ wọn. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí náà nígbà tí òfin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, ó sì di ìdá mẹ́ta ní ọdún 2023, kí owó orí mìíràn tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2026. Ẹni tí ó bá ní ìjọba kò ṣe nǹkan kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì wo ìwé owó yunifásítì aládàáni ní ẹ̀gbẹ́ ti ìjọba.

Ṣùgbọ́n owó ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n fagi lé. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1978, tí wọ́n fi kún owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì fi kún owó ibùgbé pẹ̀lú. Ìwọ́de tí ó tẹ̀ lé e, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Ali Must Go nítorí Ọ̀gágun Ahmadu Ali tí ó jẹ́ kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, gba ẹ̀mí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn òbí tí wọ́n bá bi mí pé ṣé kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni, nítorí ìjà ọdún náà kò dá lórí owó ìkẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ohun tí ó yí ẹ̀kọ́ ká ni wọ́n jà lé lórí, apá yẹn náà sì ni àwa ń san títí di òní.

Apá yìí ni wọ́n ń kó jọ sínú ohun kan tí gbogbo wa ń pè ní owó ilé-ẹ̀kọ́. Owó ìforúkọsílẹ̀ wà níbẹ̀, owó ilé ìkàwé, owó ìlera, owó ìdánwò, owó íntánẹ́ẹ̀tì, owó eré ìdárayá àti ti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí ó bá ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì yóò tún san owó yàrá àyẹ̀wò, nítorí náà kò yẹ kí òbí ọmọ tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn máa fi iye tí aládùúgbò rẹ̀ san fún ọmọ tí ó ń kọ́ èdè Lárúbáwá wé tirẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ ni ó máa ń wúwo jù. Owó acceptance ni yóò ṣáájú, èyí tí ọmọ yóò san láti fi hàn pé òun gba ààyè náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí, àyẹ̀wò ara, aṣọ ìmúra fún ayẹyẹ máátíríìkì, àti káàdì ìdánimọ̀, kí a tó wá dé orí owó ilé-ẹ̀kọ́ gan-an. Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ọdún 2023, tí gbogbo nǹkan sì gbówó lórí, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fi kún ìpín tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san. Láti ìgbà yẹn ni mo ti dẹ́kun fífi iye tí mo san nígbà tèmi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Iye tí ó wà lójú òpó ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́dún tí a wà yìí nìkan ni a lè gbà gbọ́.

Bí a ṣe ń san án náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí owó tí ó ń wọlé sí àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ máa lọ sínú àpò kan ṣoṣo ní báǹkì àgbà orílẹ̀-èdè yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san fi ń gba orí Remita, ètò ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, kọjá dípò kí ó lọ tààrà sí àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ yóò wọ ojú òpó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, yóò yan irú owó tí ó fẹ́ san, ojú òpó náà yóò sì fún un ní nọ́ńbà kan tí a ń pè ní RRR. Díjíìtì 12 ni, ó sì so mọ́ orúkọ ọmọ náà, iye owó, àti ohun tí owó náà wà fún. Pẹ̀lú nọ́ńbà yìí, a lè san owó ní báǹkì, lórí fóònù, tàbí lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe POS.

Mo máa ń ní kí àbúrò mi ka nọ́ńbà náà fún mi ní mẹ́rin mẹ́rin, èmi yóò kọ ọ́ sínú ìwé, n ó sì kà á padà fún un. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù mi, orúkọ rẹ̀ àti iye owó náà gbọ́dọ̀ yọ kí n tó fi nọ́ńbà àṣírí mi sí i. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ni ó yọ, ibẹ̀ ni n ó dúró sí. Àwọn kàfé tí ó wà ní Tanke, láti Òkè-Odò títí dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, máa ń kún fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ku ọ̀la kí gbèdéke pé, ẹni tí ó wà nídìí kọ̀ǹpútà a sì máa ṣe ti ogún ènìyàn pọ̀ nígbà kan náà. Mi ò dá a lẹ́bi bí orúkọ bá bọ́ sórí ara wọn, ṣùgbọ́n owó tí a bá san sórí RRR ẹlòmíràn, wàhálà àtigbà á padà kì í tán bọ̀rọ̀. Fún ìdí èyí, mi ò fi ọ̀rọ̀ sísan owó sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn mọ́, kódà bí owó náà bá wà nílẹ̀.

Nígbà kan, báǹkì kan yọ owó ní àkáǹtì mi, ojú òpó ilé-ẹ̀kọ́ sì ń wí pé àbúrò mi kò tíì san kọ́bọ̀. Ọmọ náà ti ń sunkún lórí fóònù, ó ń bẹ̀ mí pé kí n tún òmíràn san kí wọ́n má baà ti ìforúkọsílẹ̀ mọ́ òun. Mi ò tún un san. Mo ní kí ó wo RRR náà lórí ojú òpó Remita fúnra rẹ̀, ó sì rí i pé owó ti wọlé, pé ìròyìn rẹ̀ ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ó tẹ ìwé ẹ̀rí náà jáde, ó mú un lọ sí ẹ̀ka tí ó ń bójú tó owó, wọ́n sì yanjú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àwọn ọmọ ilé wa ti ní fáìlì kan tí wọ́n ń kó rìsíìtì sí láti ọdún àkọ́kọ́, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jáde, ilé-ẹ̀kọ́ lè béèrè ẹ̀rí gbogbo owó tí wọ́n ti san láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé wọn.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ni mo fẹ́ kí a dúró lé dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣubú. Àgbẹ̀ ni bàbá wa, wọ́n ní oko kajú lẹ́yìn Ọmù-Àrán, wọ́n sì ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́. Màmá wa ń ta gààrí. Kajú a máa so láti nǹkan bí oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin, àkókò yẹn sì ni àwọn oníbàárà máa ń wá pẹ̀lú ọkọ̀ àti òṣùwọ̀n wọn, tí owó yóò fi wọ ìlú. Iṣu tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti oṣù keje lọ. Bí a bá yọ ìgbà méjèèjì yìí sẹ́yìn, owó tí ń wọlé fún irú ilé tiwa kò ju owó ọbẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ kò mọ̀ pé kajú ti tán lóko. Ìgbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò gbé ìwé owó jáde, ìgbà yẹn kì í sì í dúró lójú kan. Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gbà láti oṣù kejì wọ oṣù kẹwàá, gbogbo ètò ọdún ẹ̀kọ́ sì yí padà. Ẹbí tí ó ti fi ọkàn sí oṣù kẹsàn-án rí i pé ó di ọdún mìíràn kí ọ̀rọ̀ owó tó tún yọjú. Òmíràn sì tún wà tí ilé-ẹ̀kọ́ sá ọdún ẹ̀kọ́ méjì pọ̀ kí ó lè lé àsìkò bá, tí owó ilé-ẹ̀kọ́ méjì fi bọ́ sínú oṣù méjìlá kan ṣoṣo.

Mo bá bàbá wa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí kajú ọdún kan tà dáadáa. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a yọ owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yìí sọ́tọ̀ kí ẹ tó ra ajílẹ̀." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Bí mi ò bá ra ajílẹ̀, kí ni a ó tà lámọ̀ọ́dún tí a ó fi san tọdún yẹn?" Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí lára, nítorí pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi tí mo ń gba owó-oṣù kàn ń rò pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ ni kí a pín, àwọn sì mọ̀ pé oko ni ìyá owó. Àdéhùn tí a jọ ṣe ni pé ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ ni kajú yóò gbé. Ìdajì kejì yóò wá láti inú àjọ màmá wa àti ohun tí èmi bá ń fi sílẹ̀ lóṣooṣù nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ mi.

Àwọn tí kò mọ iyì àjọ kò tíì rí káàdì alájọ màmá wa. Ojú kéékèèké ni wọ́n fi lílà pín ara rẹ̀, ojú kan fún ọjọ́ kan nínú oṣù, alájọ yóò sì fa bírò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó bá ti gba owó ọjọ́ náà. Owó ọjọ́ kan ni tirẹ̀ ní òpin oṣù. Màmá wa kì í kó owó àjọ ilé-ẹ̀kọ́ lóṣooṣù bí wọ́n ṣe ń kó ti ọjà, wọ́n ń jẹ́ kí ó gun orí ara wọn títí ìwé owó yóò fi jáde. Káàdì méjì ni wọ́n ń lò, aláwọ̀ ewé ni ti ọjà, aláwọ̀ pupa ni ti ọmọ, wọn kò sì jẹ́ kí alájọ fi ọ̀kan san gbèsè èkejì. Ní tèmi, èyí ti ràn wá lọ́wọ́ ju gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ti kà nípa ìṣúná owó lọ.

Kí n má gbàgbé ọ̀rọ̀ ilé. Yàrá kan ní Tanke tàbí Òkè-Odò lè gba owó tí ó ju owó ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé owó ọdún kan ni onílé ń gbà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á sì fi owó àdéhùn àti ti aṣojú lé e. Bẹ́ẹ̀dì inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ dín owó kù púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọmọ tí ń wá a. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ojú òpó rẹ̀ ni kí ọmọ ti wà nídìí fóònù.

Bákan náà, ó dára kí a béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ gbà kí a san owó ní ẹ̀ẹ̀mejì, ìdajì ní sáà àkọ́kọ́, ìdajì ní sáà kejì. Àwọn kan gbà, àwọn mìíràn kò gbà, ọ̀pọ̀ òbí kì í sì í béèrè rárá. Ní yunifásítì ìpínlẹ̀, bíi ti Málété tí ìjọba Kwara dá sílẹ̀ ní ọdún 2009, ìrètí ẹ̀bùn ìkẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ kò sí, owó ìkẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ohun tí a ń san, nítorí náà ìpín akẹ́kọ̀ọ́ ga ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ a máa fún ọmọ bíbí Kwara ní owó ìrànwọ́, àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú náà sì ń ran àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́. Mo ka irú owó bẹ́ẹ̀ sí àfikún, mi ò fi ṣe òpó ilé, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ ọjọ́ tí yóò dé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti wá yí ìṣirò wa padà. Òfin àkọ́kọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 le púpọ̀: ó ní owó tí ń wọlé fún ẹbí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ju náírà 500,000 lọ lọ́dún, ó sì béèrè onídùúró. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin tuntun rọ́pò rẹ̀, ó mú gbèdéke owó ẹbí àti onídùúró kúrò, NELFUND, àjọ tí ń bójú tó ẹ̀yáwó náà, sì ṣí ojú òpó rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tí ó bá fẹ́ sì lè gba náírà 20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Kò ní èlé. Ní Ìlọrin, gbólóhùn ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí ni kì í fẹ́ fọwọ́ kan owó tí ó ní èlé nínú. Àbúrò màmá wa kan lọ bi àlùfáà wọn léèrè kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ wọn kọ orúkọ sílẹ̀, èyí sì dára lójú mi, ó sàn ju kí ọmọ gbà á ní ìkọ̀kọ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi fara mọ́ ẹ̀yáwó yìí ni pé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ gan-an ni ó bọ́ sí: ó gbé owó tí ó ń dé lẹ́ẹ̀kan, ó sì sún un síwájú di ìgbà tí ọmọ yóò máa gba owó-oṣù. Àmọ́ ó ní iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Orúkọ ọmọ lórí NIN, lórí BVN, lórí ìwé JAMB àti ní ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ bára mu. Ní ìlú wa, níbi tí ẹnìkan ti ń kọ Sulyman, tí èkejì ń kọ Suleiman, tí ẹ̀kẹta sì ń kọ Sulaiman, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti kọ orúkọ àbúrò mi kan bí ó ṣe wù wọ́n, ẹni tí ó fi orúkọ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ NIN tún kọ ọ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ. A tún un ṣe nígbà tí ó ṣì wà ní kíláàsì ìkẹyìn ní ilé-ìwé girama, kí ó tó ṣe ìdánwò JAMB, mo sì ń bẹ gbogbo ẹni tí ó ní ọmọ ní ìpele yẹn pé kí wọ́n lọ wo orúkọ àti ọjọ́ ìbí ọmọ wọn lórí ìwé gbogbo lónìí. Lẹ́yìn èyí, ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ òun ni lóòótọ́, ọmọ sì gbọ́dọ̀ tún béèrè ní gbogbo ọdún ẹ̀kọ́. Nítorí pé gbèdéke ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣáájú owó ẹ̀yáwó, a ò tú owó àjọ ká títí a ó fi rí i lójú òpó ilé-ẹ̀kọ́ pé owó ti wọlé. Bí ẹbí bá sì ti san kí ẹ̀yáwó tó dé, kí wọ́n béèrè ní kíkọ sílẹ̀ bóyá ilé-ẹ̀kọ́ yóò dá owó náà padà tàbí yóò kà á mọ́ ti ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Ọsirélíà, ọmọ rẹ̀ sì ń lọ sí yunifásítì níbẹ̀. Nígbà tí ó ṣàlàyé tiwọn fún mi, mo rí i pé ọ̀nà tí àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ̀ yìí ni wọ́n ti ń tọ̀ láti ọdún 1989. Àwọn náà ti fagi lé owó yunifásítì ní ọdún 1974, kí wọ́n tó dá ìpín akẹ́kọ̀ọ́ padà ní dọ́là 1,800 lọ́dún, tí ìjọba sì ń gbé èyí tí ó kù. Ọmọ ìlú wọn lè san ìpín rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì lè gbé e di gbèsè tí ọ́fíìsì owó orí yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé láti oṣù keje ọdún 2025, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì ju iye kan lọ lọ́dún, tí ó jẹ́ dọ́là 67,000 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kò ní san nǹkan kan, èyí tí ó sì lé lórí iye yẹn nìkan ni wọ́n ń wò fún ọ̀pọ̀ jù nínú wọn láti fi mọ iye tí yóò san. Gbèsè wọn a máa wú pẹ̀lú ọ̀wọ́n ọjà lọ́dọọdún, tiwa kì í wú. Ní tiwa, ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan yóò bẹ̀rẹ̀, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ yóò sì máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù rẹ̀, ì báà kéré, ì báà pọ̀. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa wo ọ̀rọ̀ iye tí ó kéré jù yìí, nítorí pé ìdá mẹ́wàá lára owó-oṣù olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni ní Àjàṣẹ́-Ìpo kò rí bákan náà pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá lára ti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo.

Bàbá wa kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n bi mí pé, "Bí kò bá wá ríṣẹ́ ńkọ́?" Mo ka ohun tí òfin sọ fún wọn: ẹni tí kò bá tíì ní iṣẹ́ tí owó kò sì wọlé fún lè búra ní kóòtù kí wọ́n sún ìgbà sísan síwájú fún un, ẹni tí ó bá purọ́ níbẹ̀ yóò rí ìjà òfin, bí ẹni tí ó yá owó bá sì kú, wọn kò ní lé àwọn ará ilé rẹ̀ kiri. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí a gba ti owó ilé-ẹ̀kọ́, kí a fi ti oúnjẹ sílẹ̀, nítorí pé gààrí àti iṣu ń bẹ nílé, kò sì yẹ kí ọmọ fi owó-oṣù iwájú san owó ẹ̀bà tí ó ti jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é fún àbíkẹ́yìn wa. Ọmọ tí ilé rẹ̀ kò ní oko yóò ní láti ro tirẹ̀ lọ́nà mìíràn, mi ò sì ní dá ẹni tí ó bá gba méjèèjì lẹ́bi.

Ohun méjì ni mo ń bẹ àwọn aláṣẹ yunifásítì wa fún, mo sì fi gbogbo ọkàn bẹ̀ wọ́n. Èkínní ni pé kí wọ́n gbé iye owó ọdún ẹ̀kọ́ tuntun jáde ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé jáde, kí ẹbí lè mọ iye tí wọn yóò wá kí wọ́n tó ná owó iṣu tán. Èkejì ni pé kí sísan ní ẹ̀ẹ̀mejì di ẹ̀tọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ láìjẹ́ pé ọmọ kọ lẹ́tà tàbí kí òbí rẹ̀ wá kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì. Kò ní dín kọ́bọ̀ kù nínú ohun tí ń wọ àpò ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń fi kíláàsì sílẹ̀ ní oṣù tí owó ń wá yóò sì rí ìdánwò wọn ṣe.